Ẹsẹ̀ Tó Wà Lábẹ́ Èéfín

Bí Sàúdátù bá fẹ́ ra ẹran lọ́wọ́ alápatà tó ti ń tà fún un láti ìgbà tó ti wà ní ìyàwó tuntun, yóò kọ́kọ́ gbé ẹran náà sókè, yóò wo abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò wo ojú alápatà fúnra rẹ̀, àfi bíi pé inú ojú yẹn ni ọkùnrin náà tọ́jú egungun sí. Kò bínú sí i o. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún, òun nìkan ní gbogbo Mushin ló béèrè pé kí ni wọ́n rì mọ́ apá òsì tí wọn ò fẹ́ kéèyàn gbabẹ̀ mọ́. Nígbà tí owó sì di náírà, ó fi ṣílè díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, bóyá wọ́n kàn ń fi náírà dán wọn wò ni.

Aránṣọ ni ní Pápá Àjàó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ háyà yàrá sí. Obìnrin tó bá lóun ò sanra ju ti ọdún tó kọjá lọ, Sàúdátù kì í bá a jiyàn, teèpù ni yóò fà yọ lọ́rùn. Àwọn oníbàárà ń sá fún teèpù yẹn bí ẹni ń sá fún abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ wọn kì í lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, torí pé aṣọ rẹ̀ máa ń jókòó sára, àti torí ọ̀rọ̀ sinimá.

Gbogbo ará ilé kọ́ ló ń ráyè lọ wo fíìmù Íńdíà. Ẹnì kan ni yóò lọ, tí yóò sì gbé e wálé fún àwọn yòókù. Nílé tiwọn, Sàúdátù ni ẹni yẹn. Bó bá wo fíìmù lọ́sàn-án Sátidé, kí oòrùn tó wọ̀, bẹ́ǹṣì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn ará ilé ti jókòó, tí wọ́n ń retí rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gbọ́ èdè Íńdíà. Sàúdátù náà ò gbọ́, ìyẹn ò sì dí i lọ́wọ́. Bí àwọn èèyàn inú fíìmù ṣe ń mumi ló máa ń wò. Ẹni tó bá ń mumi tó ń yọjú wo ẹ̀yìn ife, á ní òun ló pa bàbá ọmọ yẹn. Èyí tó dun àwọn aláríwísí rẹ̀ jù ni pé ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Síkírù ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sìmí, ń tún rédíò ṣe. Inú rédíò nìkan ni ariwo ti ń jáde lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń jiyàn fíìmù, yóò tẹ orí ba rédíò tó tú palẹ̀ síwájú rẹ̀, yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Sàúdátù fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ọ. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣọ́ yìí, kó lọ béèrè nípa bàbá rẹ̀, àmọ́ Sàúdátù fúnra rẹ̀ kọ́ ni yóò dáhùn. Ṣítù ni wọ́n ń pe bàbá náà. Nígbà tí Sàúdátù ṣì kéré, Ṣítù wọ rélùwéè ní Ìdó, ó ń lọ sí Òkè-Ọya, ó lóun á ti dé kó tó di Iléyá. Sálúbàtà aláwọ pupa ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Sàúdátù rántí sálúbàtà yẹn ju ojú bàbá rẹ̀ lọ, nítorí pé òun gan-an ò ju ìbàdí bàbá náà lọ nígbà náà, ilẹ̀ ló sì ń wò kó má baà sunkún. Iléyá dé, Ṣítù ò dé. Iléyá mìíràn dé. Kò sẹ́ni tó wá sọ pé ó kú, kò sì sẹ́ni tó wá sọ pé ó wà.

Àmúdàtù ìyàwó rẹ̀, ìyá Sàúdátù, ò fẹ́ ọkọ mìíràn, kò sì sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Mọ̀mọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ń gbé ní òpópónà kejì, lẹ́yìn mọ́sáláṣí, ó sì kórìíra sinimá débi pé kì í dárúkọ rẹ̀. Ilé òkùnkùn Ṣàìtánì ló ń pè é. Bí Sàúdátù bá ń ròyìn fíìmù lẹ́nu ọ̀nà, Mọ̀mọ́ á gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á kẹ̀yìn sí wọn, á máa fa tẹ̀sùbáà, kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ kejì Iléyá lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Síkírù àti Sàúdátù wọ aṣọ tuntun, wọ́n lọ wo fíìmù kan ní Surulere tí gbogbo èèyàn ń sọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà sinimá, obìnrin ẹlẹ́pà tó jókòó níbẹ̀ rí Síkírù, ojú rẹ̀ là.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti dé," ó ní. "Ẹnìkejì yín ńkọ́ lónìí?"

Sàúdátù wo ẹlẹ́pà. Ó wo ọkọ rẹ̀. Síkírù ní obìnrin náà ṣì í mú ni, ó sì sáré lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bí ẹni tí òjò ń lé.

Nǹkan kejì ni àwòrán tí wọ́n kùn sára ògiri níta. Kò sí àwọ̀ tí kò sí lára rẹ̀: aṣọ pupa, láwàní aláwọ̀ ewé, òkè tó dà bí aró. Nígbà tí wọ́n wọlé, dúdú àti funfun ni fíìmù náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Sàúdátù tẹ̀ sí Síkírù létí, ó ní wọ́n ti yọ àwọ̀ rẹ̀ tà. Èyí ì bá ti jẹ ẹ́ lọ́kàn títí ilẹ̀ fi ṣú, bí kì í bá ṣe ti nǹkan kẹta. Ọmọ inú fíìmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni Síkírù ti fa áńkáṣíìfù yọ, tó gbé e lé itan ìyàwó rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ náà tó kú. Ìgbà tí orin kan sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ẹsẹ̀ Síkírù ti ń lu ilẹ̀.

Ọkùnrin yìí ti wo fíìmù yìí rí. Ó sì ti sọ fún Sàúdátù pé òun ò tíì wò ó.

Ìtàn náà ò le. Ọkùnrin kan fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ wáṣẹ́ sílùú ńlá. Ọmọ wọn kú lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí lọ dúró ní ìdíkọ̀ rélùwéè pẹ̀lú fìtílà lọ́wọ́, lójoojúmọ́, títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tó yá, ọkọ̀ kan dé, ó tú èéfín, èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Bí èéfín ṣe ń ká kúrò, ojú obìnrin náà hàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ fìtílà náà pa. Fíìmù parí. Iná tàn, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé kí wọ́n gbé èyí tó kù jáde, torí kò sí ẹni tó rí ọkùnrin kankan tó sọ̀ kalẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì kún. Sàúdátù ròyìn títí dé ibi èéfín, ó wá dá ẹjọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rín obìnrin náà, ẹ̀rín ẹni tó ti jáwọ́ ni. Ẹni tó ṣì ń retí èèyàn kì í fẹ́ fìtílà pa.

Rosaline, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Yábàá, ní òun rò pé àwọn tó ṣe fíìmù náà mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kí kálukú lè fọwọ́ ara rẹ̀ parí ẹ̀.

"Rosaline," Sàúdátù ní, "tí mo bá rán bùbá fún ẹ tí mo yọ apá kan sílẹ̀, tí mo ní kó o fọwọ́ ara ẹ parí ẹ̀, ṣé wàá gbà?"

Rosaline ní òun ò ní gbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹjọ́ ti fẹ́ parí síbẹ̀ kí Síkírù, tí kò dá sí ìjíròrò fíìmù rí, tó sọ̀rọ̀ láti ìdí rédíò rẹ̀.

"Ó sọ̀ kalẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú. Níbi àpótí Mọ̀mọ́, tẹ̀sùbáà dákẹ́. Sàúdátù ò gbọ́ ìyẹn, torí ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò, bó ṣe ń wo ojú alápatà.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Bàbá Sìmí?"

"Ẹsẹ̀ kan wà lábẹ́ èéfín," Síkírù ní. "Téèyàn bá mọ ibi tó yẹ kó wò." Ó sì tún tẹ orí ba rédíò.

Láti ọjọ́ náà ni Sàúdátù ò ti sùn dáadáa. Ó to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ bó ṣe ń to aṣọ tí wọ́n ti gé, apá sápá, ọrùn sọ́rùn. Ẹlẹ́pà mọ Síkírù. Síkírù mọ ìgbà tí ọmọ inú fíìmù máa kú. Ó mọ ibi tó yẹ kéèyàn wò. Kò sẹ́ni tó ń dá lọ wo fíìmù ìfẹ́. Nígbà tó sì fẹ́ fọ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ó kọ́kọ́ gbé e símú. Lọ́fínńdà àwọn àlàájì wà lọ́wọ́ ẹ̀wù náà, èyí tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Mẹ́kà nínú ìgò kékeré. Òórùn náà mọ́ ọn lára débi pé kò lè sọ ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Ó ní obìnrin tí ọkọ òun ń mú lọ sí sinimá ti wà nítòsí òun nìyẹn.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi Rosaline. Rosaline ní kó bi ọkọ rẹ̀ léèrè. Sàúdátù ní ta ló ń bi olè léèrè. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dẹ pańpẹ́: ó bẹ Síkírù pé kí àwọn lọ tún fíìmù yẹn wò ní Sátidé tó ń bọ̀, torí ó gbọ́ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa gbé e kẹ́yìn. Síkírù ní Sátidé ò ní rọgbọ. Òun ń lọ ra ẹ̀yà rédíò l'Ọ́yìngbò.

"Ọlọ́run á gbè yín o," Sàúdátù ní. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ì bá ti sá.

Ní Sátidé, Síkírù jáde tán lọ́sàn-án, Sàúdátù gbé ìborùn borí, ó tẹ̀ lé e. Teèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti gbàgbé. Síkírù ò dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Ọ̀yìngbò rárá. Ó yà sẹ́yìn mọ́sáláṣí. Sàúdátù dúró lẹ́yìn ògiri kan, ó ń retí. Ó tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé bóun ṣe dúró súnmọ́ ilé Mọ̀mọ́ yìí, ṣé kóun sáré lọ fẹjọ́ sùn ún. Ṣùgbọ́n kó tó pinnu, Síkírù ti jáde padà. Ẹlẹ́hàá kan ló ń bá a bọ̀, tó fi aṣọ dúdú bora láti orí délẹ̀, tí ojú ò hàn, tí ìka ò hàn. Obìnrin náà ń lọ níwájú. Síkírù ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó tẹ orí ba, ó bá a gbé báàgì dání.

Síkírù ò gbé báàgì Sàúdátù rí láyé.

Ó yé e níbẹ̀. Ẹ̀yìn mọ́sáláṣí yìí náà ni ààfáà ń gbé, àwọn ọmọbìnrin sì kún inú ilé rẹ̀. Wọ́n ti fún ọkọ òun ní ìyàwó sàráà. Wọ́n ti fi ọmọ tọrẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, láìsí ìdána, láìsí ìnáwó, láìsí kí ìyálé gbọ́. Abájọ tí kò fi sí ariwo. Síkírù àti nǹkan tí kò láriwo.

Àwọn méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì. Sàúdátù wọ kabúkabú, ó ní kí awakọ̀ máa tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì náà. Awakọ̀ bi í pé kí ló dé. Sàúdátù bi òun náà pé kí ló dé tó fi ń béèrè. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé Surulere.

Ó jẹ́ kí wọ́n wọlé kóun tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹlẹ́pà rí i, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí to ẹ̀pà rẹ̀ tí kò nílò títò. Nínú òkùnkùn, Sàúdátù wá ibi tí wọ́n wà títí ó fi rí wọn. Ó jókòó sẹ́yìn wọn gan-an. Ohun tó fẹ́ ṣe ti dá a lójú: tí fíìmù bá parí, tí iná bá tàn, òun á fọwọ́ ara òun ká aṣọ yẹn kúrò lójú ìyàwó sàráà, kí gbogbo Surulere bá òun wo irú ọmọ tó jẹ́. Ní ti Síkírù, àpò rẹ̀ á sùn níta lóru òní, òun àti gbogbo rédíò rẹ̀.

Ọmọ inú fíìmù wúkọ́. Síkírù fún ẹlẹ́hàá ní áńkáṣíìfù, áńkáṣíìfù kan náà. Sàúdátù di teèpù ọrùn rẹ̀ mú, ó fà á ṣinṣin.

Ṣùgbọ́n aránṣọ ni. Bó bá jókòó sẹ́yìn èèyàn, kó fẹ́ kó kọ̀, ojú rẹ̀ ti ń wọn ẹni náà. Ó wọn èjìká yìí. Èyí kì í ṣe èjìká ọmọge. Ti òsì sì rọ̀ sílẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ díẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni Sàúdátù mọ̀ tí èjìká rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, torí gbogbo bùbá ẹni náà ló fọwọ́ rẹ̀ rán, gbogbo wọn ló sì máa ń dín èjìká òsì rẹ̀ díẹ̀ kó má baà máa yọ̀ kúrò. Lọ́fínńdà tó ti ń gbọ́ láti ẹ̀ẹ̀kan, ó wá rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n ọ́n ni.

"Bàbá Sìmí," ẹlẹ́hàá náà sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ọkọ̀ ò ní pẹ́ dé mọ́. Ẹ bá mi fojú sílẹ̀. Òní ni wọ́n ń ṣe é kẹ́yìn."

Mọ̀mọ́ ni.

Mọ̀mọ́, nínú ilé òkùnkùn Ṣàìtánì. Báwo ni Síkírù ṣe fẹ́ kọ̀ fún un? Àna rẹ̀ ni. Àna ní kó mú òun lọ, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó mú un lọ, kò sì sọ. Lójú àwòrán, obìnrin onífìtílà ń rìn lọ sí ìdíkọ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Sàúdátù ò wò ó. Orí tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò. Ó rí bí ìyá rẹ̀ ṣe na ọrùn, bó ṣe tẹ̀ síwájú bí ẹni tó dúró ní Ìdó tó ń wo ibi tí irin yà sí. Ó wá rántí ìdájọ́ tóun dá lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rín ẹni tó ti jáwọ́, àti ẹni tó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn òun nígbà náà. Nígbà tí ọkọ òun ní ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òun nìkan kọ́ ló ń dá lóhùn.

Ọkọ̀ dé. Èéfín tú. Gbogbo ilé sinimá dákẹ́, àwọn tó ti wò ó rí àtàwọn tí kò wò ó rí. Èéfín ká kúrò, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ fìtílà rẹ̀ pa.

"Ẹ rí i?" Mọ̀mọ́ bi Síkírù.

"Mo rí i, Mọ̀mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ wí nígbà yẹn náà." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ẹ máa ń ṣàánú mi jù, Bàbá Sìmí. Ẹlẹ́rìí kan ò sì tó. Méjì ni ẹ̀sìn ní kéèyàn wá."



"Èmi náà rí i," Sàúdátù wí lẹ́yìn wọn.

Síkírù fò dìde díẹ̀, ó tún jókòó. Mọ̀mọ́ ò bojú wẹ̀yìn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí ẹni tó ń gbé ẹran sókè láti wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ọ.

"Ìwọ tó o ní kò sọ̀ kalẹ̀. Kí ló wọ̀ sẹ́sẹ̀?"

"Sálúbàtà ni."

"Àwọ̀ wo?"

Síkírù yíjú padà, ó ń mi orí sí ìyàwó rẹ̀, ó ń fojú sọ fún un pé kó ṣọ́ra, pé dúdú àti funfun ni fíìmù yìí. Bíi pé Sàúdátù ò mọ̀. Òun tó ní wọ́n ti yọ àwọ̀ rẹ̀ tà.

"Pupa," Sàúdátù ní. "Aláwọ pupa ni."

Iná tàn. Àwọn kan ti ń pariwo pé kí wọ́n gbé èyí tó kù jáde. Abẹ́ aṣọ dúdú náà ń gbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún, títí ọwọ́ kan fi yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ tó ti gbó, ó nà sẹ́yìn láìwo ibẹ̀, ó di teèpù ọrùn Sàúdátù mú, ó fà á súnmọ́ra.

"Pupa ni lóòótọ́," Mọ̀mọ́ ní. "Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo rí i."

Nígbà tí wọ́n jáde, Síkírù bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé, Sàúdátù ní kó gbé báàgì òun náà dání. Ó gbé e. Ó gbé méjèèjì. Wọ́n ra ẹ̀pà lọ́wọ́ obìnrin ẹnu ọ̀nà, tí kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kí Sàúdátù tó na ọwọ́, ẹlẹ́hàá ti gba ẹ̀pà náà, ó gbé e sókè, ó sì wo ìdí bébà tí wọ́n fi wé e dáadáa.